Omi Gurara: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ìdílé Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Lọ Wo Òṣọ̀ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Bí òwe yìí ṣe bá àwọn ọmọ wí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá àwa tí a bí wọn wí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti lo ọdún mẹ́wàá, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti lo ogún ọdún, ní Dei-Dei àti àyíká rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀nà tí a mọ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ọ̀nà ọjà, ọ̀nà mọ́sálásí, àti ọ̀nà tí ó gbé wa lọ sílé nígbà Iléyá.

Dei-Dei kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń lọ sinmi. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń kọ́lé ní Àbújá ti ń ra pákó, irin, páànù àti ohun èlò ilé lóríṣiríṣi; ibẹ̀ náà ni ọjà ẹran wà, tí ariwo ewúrẹ́ àti màlúù kì í dáwọ́ dúró. Ọmọ tí ó dàgbà sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lè mọ iye tí wọ́n ń ta pákó kan kí ó tó mọ orúkọ àpáta tí ó ń rí lókèèrè bí wọ́n bá ń gbé e lọ sí Zuba. Bí ẹ bá bi í pé níbo ni omi ti ń wá, yóò nawọ́ sí ọmọlanke àwọn mẹruwa tí ń ta omi kiri. A kò lè dá a lẹ́bi. Ohun tí a fi han ọmọ ni ọmọ ń mọ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń rọ̀ yín pé, ní ọjọ́ kan tí iṣẹ́ bá fúyẹ́, kí ẹ kó ìdílé yín, kí ẹ lọ wo òṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Gurara ní ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí odò ńlá kan ti ń já láti orí àpáta wá sílẹ̀. Ìrìn àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ bọ̀ ni láti Dei-Dei. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ẹ lọ bí ẹni tí ó lọ wòran lásán. Omi náà ní ìtàn, ilẹ̀ ibẹ̀ ní àwọn tí ó ni ín, ewu sì wà nínú ẹwà rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, odò náà kì í ṣe àjèjì sí àwa tí a ń gbé Àbújá, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ṣe rí i níwájú.

Ohun tí ó wà lójú ọ̀nà

Àwọn tí ń sáré láti dé ibi tí wọ́n ń lọ kì í rí ohun tí wọ́n ń gbà kọjá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti kúrò ní Dei-Dei tí ẹ dé Zuba, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni wọ́n wà, àwọn ènìyàn tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní Gwari. Àgbẹ̀ ni wọ́n láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn. Ẹ ó rí àwọn obìnrin wọn tí wọ́n ń ru igi tàbí omi sí èjìká dípò orí. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọn a máa sọ pé orí ni ọba ara, òun ni ó ń ronú fún ìyókù, kò sì yẹ kí á di ẹrù lé ọba lórí. Àwa Yorùbá tí a mọ ohun tí orí jẹ́ kò ní ṣe aláìgbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn Zuba ni àpáta Zuma yóò yọ sí yín. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò, tí ẹ sì tètè jáde, kùrukùru a máa bo orí rẹ̀ títí oòrùn yóò fi mú, tí yóò dà bí ẹni pé àpáta náà kò ní òpin. Ẹ mú owó náírà 100 irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1999 dání, kí àwọn ọmọ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: àpáta Zuma ni wọ́n yà síbẹ̀. Nígbà ogun láyé àtijọ́, ààbò ni àpáta náà jẹ́ fún àwọn Gbagyi.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó dé Suleja, ìlú tí ó ni orúkọ Àbújá kí ìjọba tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn yìí dùn, ó sì kan ìtàn Mùsùlùmí ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí jìhádì Uthman dan Fodio dé Zazzau, ìyẹn Zaria, ọba Hausa tí ó wà níbẹ̀, Muhammadu Makau, sá kúrò pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì forí lé gúúsù. Zuba yìí kan náà, tí àwa mọ̀ sí oríta àwọn ọkọ̀ akérò, ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Lẹ́yìn ikú Makau ní ọdún 1825, àbúrò rẹ̀ Abubakar jọba. Nítorí pé ó pupa, àwọn Hausa ń pè é ní Abu Ja, Abu Pupa. Òun ni ó tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1828, orúkọ rẹ̀ sì di orúkọ ìlú. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin olú-ìlú tuntun ní oṣù kejì ọdún 1976, wọ́n gba orúkọ náà fún un, ìlú àtijọ́ sì di Suleja, láti ara orúkọ Suleiman Barau tí ó jẹ́ ẹ́míà ní àkókò náà. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ọkùnrin kan tí ó jẹ́ olùwá-ibi-ìsádi ṣe di orúkọ olú-ìlú orílẹ̀-èdè.

Suleja náà ni Michael Cardew, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ sílẹ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà 1950. Ní ọdún 1954 ni obìnrin Gbagyi kan láti Kwali, Ladi Kwali, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó ti mọ iṣẹ́ náà láti kékeré lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ilé wọn. Ìkòkò rẹ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn owó náírà 20 títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí: obìnrin tí ó wà lórí owó yìí, amọ̀ ilẹ̀ tí ẹ ń gbà kọjá yìí ni ó fi ọwọ́ rẹ̀ sọ di ohun iyì.

Abúlé àti omi rẹ̀

Láti Suleja, ọ̀nà Minna ni ẹ ó tọ̀. Ilẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀. Ilé a dínkù, oko iṣu àti ọkà bàbà a pọ̀ sí i, òkè àti àpáta a máa yọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìjọba ìbílẹ̀ Gurara ni ẹ ń lọ, ní agbègbè abúlé Bonu. Ní òwúrọ̀ ìgbà òjò, kùrukùru a máa sùn lórí àwọn oko náà, èéfín iná ìdáná a sì máa gba inú rẹ̀ gòkè, tí ẹ kò ní mọ èyí tí í ṣe èéfín àti èyí tí í ṣe kùrukùru.

Ẹ ó gbọ́ odò náà kí ẹ tó rí i. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá mẹ́wàá bá jọ ń lọ lójú ọ̀nà tí kò tán. Bí ẹ bá wá dé ibẹ̀, ẹ ó rí i pé àpáta ibẹ̀ ti ya sílẹ̀ lójijì, odò sì ń já láti orí rẹ̀. Gíga ibi tí omi ti ń já tó nǹkan bí 30 mítà, bí ilé alájà mẹ́wàá. Nígbà tí òjò bá pọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ a tó nǹkan bí 200 mítà láti etí kan dé èkejì. Omi tí ó bá lu àpáta a fọ́ túútúú, a sì gbéra sókè bí eruku funfun. Eruku omi yìí ni ó máa ń rin aṣọ yín láìjẹ́ pé òjò rọ̀. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn yín, ẹ ó rí òṣùmàrè nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì yí padà kọjú sí oòrùn, kò ní sí mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dán an wò. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ nínú ìwé ni ó wà níwájú wọn yẹn: ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú ẹ̀kán omi, ó sì ń jáde ní àwọ̀ lóríṣiríṣi.

Bí wọ́n bá béèrè ìdí tí odò fi ń já níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé àpáta ilẹ̀ yìí le, ó sì ti pẹ́ gan-an. Omi ń jẹ ilẹ̀ rírọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ lọ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n àpáta líle kọ̀, kò gbà, ó sì dúró bí àtẹ̀gùn.

Ìgbà tí ẹ bá lọ ní ohun tí ẹ ó rí. Láti oṣù keje sí oṣù kẹwàá ni omi máa ń pọ̀ jù, ariwo rẹ̀ a sì dẹ́rù bani. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹrin, omi a fà, àpáta a yọ, odò a sì pín sí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn tí wọ́n bá lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa ráhùn pé wọ́n tan àwọn jẹ. Kò sí ẹni tí ó tàn wọ́n. Odò kan náà ni. Ìgbà ni ó yàtọ̀.

Gura àti Rara

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ibẹ̀ ni pé ọdẹ Gbagyi kan tí ń jẹ́ Buba ni ó kọ́kọ́ rí òṣọ̀ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1745. Wọ́n ní orúkọ òrìṣà méjì, Gura àti Rara, ni wọ́n pa pọ̀ tí ó di Gurara, àti pé àwọn ará àdúgbò bọ omi náà fún ìgbà pípẹ́ kí àwọn òyìnbó tó dé ibẹ̀ ní ọdún 1925, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́.

Ó dájú pé àwọn ọmọ yóò gbọ́ ìtàn yìí, bóyá láti ẹnu ẹni tí ń mú àlejò káàkiri. Kí ni ẹ ó sọ fún wọn? Àwọn òbí kan a máa pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àwọn mìíràn a bú àwọn onílé lójú ara wọn. Ọ̀nà méjèèjì kò dára. Ẹ jẹ́ kí ó yé wọn pé ẹ̀rù tí ó ba àwọn ẹni àtijọ́ nígbà tí wọ́n rí omi yìí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Àwa náà tí a dúró síbẹ̀ lónìí, ọkàn wa a máa sọ kúlúkúlú. Ohun tí ó yà wá sọ́tọ̀ ni pé àwa mọ ẹni tí ẹ̀rù náà yẹ. Omi kò dá ara rẹ̀, àpáta kò gbé ara rẹ̀ kalẹ̀. Ẹlẹ́dàá ni ìyìn tọ́ sí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a wá wò. Bí ọmọ bá gbọ́ èyí ní etí odò, yóò yé e ju bí ó ti gbọ́ ọ nínú iyàrá ilé-kéwú lọ. Ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn Gbagyi lónìí ni ó jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kristẹni. Ẹ má rò pé gbogbo ẹni tí ẹ bá pàdé níbẹ̀ ni ó ń bọ odò.

Ẹwà tí ó ti gba ojú

Ohun kan wà tí àwọn tí ń ya fọ́tò níbẹ̀ kì í sábà mọ̀. Omi tí ń sáré, tí ń fọ́ mọ́ àpáta, tí ó sì ń hó funfun, òun gan-an ni kòkòrò dúdú kékeré kan fẹ́ràn láti yé ẹyin sí. Níbòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, amùkúrù ni wọ́n ń pè é. Ọ̀sán ni ó ń jẹ ènìyàn, ó sì ń gbé aràn wínníwínní kan láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ aràn yìí a máa rìn lábẹ́ awọ ara, wọ́n a máa fa ìyúnra tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Bí wọ́n bá dé ojú, díẹ̀díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yóò máa lọ, títí ojú yóò fi fọ́ pátápátá. Nítorí pé ẹ̀bá odò ni àìsàn náà ti wọ́pọ̀, ìfọ́jú etí odò ni wọ́n sọ ọ́.

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí kòkòrò yìí ni àwọn ènìyàn ṣe fi ilẹ̀ ọlọ́ràá etí odò sílẹ̀, tí wọ́n lọ ń fi ebi ro oko orí òkè. Agbègbè Abuja àtijọ́ yìí náà ti mọ̀ ọ́n: ní sáà 1950, kí òmìnira tó dé, ìjọba amúnisìn da oògùn apakòkòrò sí àwọn odò ibẹ̀ láti pa á. Ohun tí ó wá yí ọ̀rọ̀ padà ni oògùn oníhóró kan tí ń jẹ́ ivermectin. Ní ọdún 1987, ilé-iṣẹ́ Merck ṣèlérí pé ọ̀fẹ́ ni àwọn yóò máa fún àwọn tí àìsàn náà ń bá jà, títí tí kò fi ní sí mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ará abúlé ti ń yan àwọn ènìyàn láàrin ara wọn láti máa pín in láti ilé dé ilé. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa ní àríwá, ni orílẹ̀-èdè kìíní ní Áfíríkà tí ó mú àìsàn náà kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀.

A kò sọ èyí láti dá ẹ̀rù bà yín. Ẹni tí ó lọ fún ọjọ́ kan kò sí nínú ewu tí ó pọ̀, nítorí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà tí kòkòrò náà bá ti jẹ ènìyàn ni àìsàn náà fi ń wọlé. Ẹ kàn wọ aṣọ tí ó bo apá àti ẹsẹ̀, èyí tí ó ti jẹ́ àṣà ìdílé wa tẹ́lẹ̀. Ìdí tí a fi sọ ọ́ ni kí ẹ lè fi ojú ọ̀tọ̀ wo àgbàlagbà tí ọmọdé ń fi ọ̀pá fà kiri ní irú abúlé bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ìran fún wa ni ó jẹ́ ayé fún wọn, tibi tire.

Odò náà ní ilé yín

Odò Gurara kò bẹ̀rẹ̀ níbi òṣọ̀ọ̀rọ̀. Láti àwọn ilẹ̀ gíga apá ìlà-oòrùn ni ó ti ń bọ̀, ó gba ìpínlẹ̀ Kaduna kọjá, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ wá, tí yóò sì lọ dà sínú odò Ọya. Ní Kaduna, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kachia, ìjọba àpapọ̀ ti mọ ìdídò ńlá kan sí i, tí ó lè gba omi tí ó tó mílíọ̀nù 880 mítà oníbùú-lóròó. Láti ibẹ̀, wọ́n ri páìpù irin kan tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 75, tí ènìyàn lè dúró nínú rẹ̀ kí orí rẹ̀ má kan òkè, tí ó ń gbé omi lọ sí ìdídò Usuma ní Ushafa, lẹ́bàá Bwari. Usuma yìí ni orísun omi ẹ̀rọ Àbújá.

Ẹ wá ro ó wò. Ẹni tí ó ń ṣe àlùwàlá nídìí ẹ̀rọ ní àárín ìlú Àbújá lè jẹ́ pé omi Gurara ni ó fi ń fọ ojú. Omi tí mẹruwa bá lọ pọn nídìí ẹ̀rọ ìjọba wá sí àdúgbò yín lè jẹ́ láti ibẹ̀. Odò kan ni: apá kan ń já láti orí àpáta níwájú àwọn ará Bonu, apá kan ń gba inú irin lọ sí ìgboro. Ọmọ tí ó nawọ́ sí ọmọlanke nígbà tí a bi í pé níbo ni omi ti ń wá, ẹ lè dá a lóhùn wàyí.

Bí ó bá sì jẹ́ odò kan, ìpamọ́ rẹ̀ kan gbogbo wa. Igi tí wọ́n gé ní etí odò lókè ni ó ń sọ omi di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Pákó tí a ń tà ní Dei-Dei, inú igbó kan ni ó ti wá. A kò ní kí ẹni kankan fi òwò rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń jẹ nínú igi ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbin òmíràn. Ní ti ọ̀rá nylon àti ike omi tí ẹ bá gbé lọ, ẹ rí i pé iye tí ẹ gbé lọ ni ẹ gbé bọ̀.

Kí ìgbádùn má baà di ẹkún

Apá yìí ni a fẹ́ kí ẹ kà ní àkàtúnkà, nítorí omi kò mọ ọmọ aláàfáà yàtọ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn.

Ìkíní, orí àpáta ibẹ̀ ń yọ̀ ju bí ojú ti rí i lọ. Ewédò tẹ́ẹ́rẹ́ a máa bò ó, tí yóò dà bí ẹni pé ó gbẹ. Ẹni tí bàtà rẹ̀ kò ní eyín kò gbọ́dọ̀ gun un. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wọ jìláábù gígùn, ẹ ká etí rẹ̀ sókè kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ má sì gbé ọmọ pọ̀n lọ sí etí bèbè.

Ìkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lúwẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀ òṣọ̀ọ̀rọ̀, bí ó ti wù kí ó mọ omi tó. Níbi tí omi ti ń já, a máa yí po nísàlẹ̀, a sì máa fa ènìyàn wọlẹ̀. Omi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ ní ẹ̀gbẹ́ náà kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé: ìgbín kékeré inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni ó ń tan àìsàn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kálẹ̀, àìsàn tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọmọdé.

Ìkẹta, odò lè kún lójijì lórí ilẹ̀ tí òjò kò ti rọ̀. Òjò tí ó rọ̀ ní Kaduna lálẹ́ àná lè dé ọ̀dọ̀ yín lónìí. Bí ẹ bá rí i pé omi ń pọ́n sí i, tí ewé àti igi sì ń ṣàn bọ̀, ẹ má dúró wò ó. Ẹ gòkè.

Ìkẹrin, ẹ yan àgbàlagbà kan fún ọmọ méjì, kí ẹni náà má ya fọ́tò, kí ó má sì gba ìpè lórí fóònù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ka orí ọmọ.

Ìkarùn-ún, ní ti ìrun, àkókò Ṣùhúrù yóò bá yín níbẹ̀, bóyá Alásárì pẹ̀lú. Omi odò tí ń ṣàn mọ́ fún àlùwàlá, ṣùgbọ́n ẹ fi ike bu ú jìnnà sí etí bèbè. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí orí àpáta tí ń yọ̀ nítorí àlùwàlá. Kí ẹ tó lọ, ẹ bi aláàfáà yín bóyá ìrìn náà jìnnà tó èyí tí a fi ń dín ìrun kù, kí ẹ má baà máa jiyàn nípa rẹ̀ níbẹ̀.

Ìkẹfà, ọ̀nà. Ẹ tètè lọ, kí ẹ sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ ṣì wà nígbà tí ẹ bá padà dé Suleja. Ìpínlẹ̀ Niger ti rí ìdààmú àwọn ajínigbé. A kò tíì gbàgbé àwọn ọmọ ilé-kéwú Tegina tí wọ́n kó lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, tí wọn kò sì rí ilé títí di oṣù kẹjọ. Tegina jìnnà sí Gurara, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ipò ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tí ń ná Minna kí ẹ tó gbéra. Ọkọ̀ agbépo pọ̀ ní agbègbè Suleja. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2025, ọkọ̀ agbépo kan dànù ní oríta Dikko, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gurara kan náà; àwọn ènìyàn rọ́ lọ bu epo, iná sì sọ. Àwọn tí ó kú lé ní 80. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ yí ọkọ̀ padà.

Fún àwọn tí ń lọ sílé

Kì í ṣe Gurara nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Lọ́kọ́ja àti Àkúrẹ́ lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tàbí Ọ̀ṣun nígbà Iléyá, ẹ ń kọjá lẹ́bàá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà láàrin Àkúrẹ́ àti Iléṣà. Inú àwọn òkè tí kùrukùru ń bò ni ìlú náà wà, òṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Olúmìrìn sì ń já níbẹ̀ ní ìpele méje, ọ̀kan lórí èkejì. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Gurara bí a ti ń wo omi, bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún onílé, àti bí a ti ń ṣọ́ra lórí àpáta, iṣẹ́ ti rọrùn fún un ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

Ẹ̀yin ará wa, àlejò ni a jẹ́ ní ilẹ̀ àwọn Gbagyi. Ilẹ̀ wọn ni olú-ìlú jókòó lé, odò wọn sì wà lára ohun tí ó ń pa òùngbẹ rẹ̀. Àlejò tí ó mọ orúkọ odò onílé, tí ó lè kí i ní èdè rẹ̀, tí kò sì da ẹ̀gbin sí i lẹ́nu ọ̀nà, irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni onílé ń fẹ́ kí ó padà wá. Bí ẹ bá ń kó oúnjẹ ọ̀nà jọ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrìn yín, ẹ pe àwọn ọmọ jókòó, kí ẹ fi owó náírà 20 àti 100 hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ ìtàn tí ẹ kà níhìn-ín fún wọn. Kí Ọlọ́run mú yín lọ ní àlàáfíà, kí ó sì mú yín bọ̀ láìdín kan.